Orí yéye ní Mògún: Eré tẹlifíṣàn nípa àwọn obìnrin tí a jù sẹ́wọ̀n láìṣẹ̀, àti ohun tí Libreville fi hàn nípa rẹ̀

Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá fẹ́ràn tẹlifíṣàn. Ìlú kan wà tí àwọn alágbára ibẹ̀ ti fi owó ba ara wọn jẹ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá ń gba rìbá, adájọ́ ń ta ìdájọ́, olówó ìlú sì ti kó gbogbo wọn sápò. Obìnrin kan rí ohun tí kò yẹ kí ó rí, tàbí kí ó kọ̀ láti ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti di ẹlẹ́wọ̀n. Nínú ọgbà náà ni yóò ti bá àwọn obìnrin mìíràn pàdé, tí ìtàn wọn jọ tirẹ̀. Láti ìpín kan sí èkejì, òǹwòran á máa retí ọjọ́ tí àṣírí yóò tú.

Kí tẹlifíṣàn tó dé ni Yorùbá ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbólóhùn kan: orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Mògún ni ojúbọ Ògún, níbi tí wọ́n ti ń bẹ́ orí àwọn tí a dá lẹ́bi ikú láyé àtijọ́. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé bí ènìyàn bá wo àwọn orí tó kún ibẹ̀, ti àwọn tí kò ṣẹ̀ ló máa pọ̀ jù.

Àmọ́ ọ̀nà tí aláìṣẹ̀ ń gbà dé Mògún òde òní yàtọ̀ sí ti inú eré. Nínú eré, irọ́ ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Áfíríkà, ẹnikẹ́ni kò tíì dá a lẹ́bi rárá. Ó wà lẹ́wọ̀n, ó ń retí ọjọ́ tí wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Libreville, olú-ìlú Gabon, jẹ́ ibi kan tí ìyàtọ̀ yìí ti hàn gbangba.

Ìlú Òmìnira àti ọgbà Aláìlẹ́bí

Ìlú Òmìnira ni Libreville túmọ̀ sí ní èdè Faransé. Ní ọdún 1849 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ ni àwọn ẹrú tí ọmọ ogun ojú omi Faransé gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Elizia. Orúkọ náà àti ti Freetown ní Sierra Leone, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ ní ìtumọ̀. Freetown yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú ti tún ayé wọn ṣe, kí àwọn kan nínú wọn tó padà sílé gẹ́gẹ́ bíi Sàró.

Nínú Ìlú Òmìnira yìí kan náà, ní àdúgbò Gros-Bouquet, ni ọgbà ẹ̀wọ̀n àgbà Libreville wà. Ọdún 1956 ni wọ́n kọ́ ọ, kí Gabon tó gba òmìnira ní ọdún 1960, ènìyàn 500 ni wọ́n sì kọ́ ọ fún. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, iye àwọn tó wà níbẹ̀ ti ju 3,000 lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn obìnrin ní apá tiwọn, wọ́n sì kéré púpọ̀ sí àwọn ọkùnrin. Àwọn ará ìlú ti sọ ọgbà náà ní orúkọ ìnagijẹ tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Libreville: Sans Famille, ìyẹn Aláìlẹ́bí.

Orúkọ náà kì í ṣe àwàdà lásán. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tó kún àkúnya, ẹbí ni ẹlẹ́wọ̀n ń wò fún oúnjẹ tó lè jẹ yó, fún oògùn, àti fún ẹni tí yóò máa sáré lọ sáré bọ̀ sí ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò. Ẹni tí kò bá ní ẹbí nítòsí, ọgbà náà ti jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lára.

Èyí kan àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tààrà. Gabon kò tó ènìyàn mílíọ̀nù mẹ́ta, ṣùgbọ́n epo rọ̀bì rẹ̀ ti ń fa àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti Benin, Togo, Nàìjíríà àti ilẹ̀ mìíràn wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n tún mọ bí ilẹ̀ ṣe lè yí mọ́ àjèjì lẹ́sẹ̀ níbẹ̀: ní ọdún 1978, lẹ́yìn ìjà láàárín Ààrẹ Omar Bongo àti Ààrẹ Mathieu Kérékou, Gabon lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin jáde. Obìnrin oníṣòwò tí ó ti Cotonou tàbí Ìbàdàn wá, tí ẹbí rẹ̀ wà ní òkèèrè, ni irú ọgbà bẹ́ẹ̀ lè tètè gbé mì láìsí ẹni tó béèrè rẹ̀.

Gabon lójú sinimá àti tẹlifíṣàn

Gabon kì í ṣe ilẹ̀ tí kò mọ eré ṣe. Philippe Mory, tí wọ́n ń pè ní bàbá sinimá Gabon, ti wà lára àwọn òṣèré La Cage ní ọdún 1963, òun ló sì darí Les tam-tams se sont tus ní ọdún 1972. Ní ọdún 2000, Imunga Ivanga gbé Dôlè jáde. Fíìmù náà sọ ìtàn àwọn ọmọdékùnrin ní Libreville tí wọ́n pète láti jí owó ilé tẹ́tẹ́, tí ọ̀kan nínú wọn sì ń wá owó ìtọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ó gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní àjọ̀dún sinimá Carthage ní Tùnísíà lọ́dún náà.

Lórí tẹlifíṣàn, Samantha Biffot, obìnrin olùdarí eré tó jẹ́ ọmọ Gabon, ṣe eré àtìgbàdégbà L'Œil de la cité, èyí tó gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún FESPACO ní Ouagadougou ní ọdún 2013. Àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ojú àwọn òṣèré Gabon kò fo ìlú wọn dá: òṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrọ̀, àti ọmọ tálákà tí òfin máa ń rí kí ó tó rí olówó.

Òǹwòran Yorùbá náà mọ ìlú tí àwọn olórí rẹ̀ ti bàjẹ́. Jogbo ni orúkọ rẹ̀ nínú Ṣaworoidẹ (1999) àti Agogo Èèwọ̀ (2002), eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí Túndé Kèlání sì darí. Ní ọdún 2022, Blood Sisters, eré Nàìjíríà onípìn-ín mẹ́rin lórí Netflix, mú ọ̀rọ̀ náà bọ́ sórí àwọn obìnrin: ọ̀rẹ́ méjì sá lọ lẹ́yìn tí ọkọ ìyàwó kú lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹbí olówó sì ń lé wọn kiri nítorí wọ́n mọ̀ pé owó lè ra ohun tí òfin kò fẹ́ ṣe.

Ibi tí irú eré yìí ti ṣẹ̀ wá

Eré nípa ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin ti pẹ́ lórí tẹlifíṣàn. Ní Ọsirélíà, Prisoner bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1979, ó sì parí ní 1986 lẹ́yìn ìpín tó lé ní 690. Wentworth tún ìtàn náà sọ láti 2013 sí 2021. Bad Girls wà ní Britain láti 1999 sí 2006. Ní Spéènì, Vis a Vis, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, sọ ìtàn obìnrin kan tí ìfẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ sọ di ọ̀daràn. Orange Is the New Black ló tàn kálẹ̀ jù, láti 2013 sí 2019 ní Amẹ́ríkà. Nínú rẹ̀ ni Uzo Aduba, òṣèré tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti gba ẹ̀bùn Emmy lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn eré wọ̀nyí jọ ara wọn ní ọ̀nà kan. Wọ́n nílò ọ̀tá tí a lè fi ojú rí. Ẹnìkan parọ́, ẹnìkan fi ẹ̀rí pamọ́, ẹnìkan gba owó. Nítorí náà, bí ẹni yẹn bá ti ṣubú ní ìpín tó kẹ́yìn, ilẹ̀kùn ọgbà á ṣí, ìtàn á sì parí.

Ohun tí eré ń sọ, àti ohun tó ń fi pamọ́

Nínú ayé gidi, ó lè má sí ọ̀tá kankan tó ní orúkọ. Fáìlì kan wà lórí tábìlì tí kò sí ẹni tó ṣí i. Ọkọ̀ tí yóò gbé ẹlẹ́wọ̀n lọ sílé ẹjọ́ kò ní epo. Wọ́n ti gbé adájọ́ lọ sí ìlú mìíràn. Ọlọ́pàá tó kọ ẹ̀sùn kò yọjú. Ẹjọ́ sún sí oṣù tó ń bọ̀, oṣù tó ń bọ̀ tún sún un síwájú. Kò sí ẹni tó parọ́, síbẹ̀ obìnrin náà kò jáde.

Òfin Gabon fi gbèdéke sí àtìmọ́lé ṣáájú ìgbẹ́jọ́: oṣù mẹ́fà fún ẹ̀sùn kékeré, ọdún kan fún ẹ̀sùn ńlá, adájọ́ tó ń ṣe ìwádìí sì lè fi oṣù mẹ́fà mìíràn kún un. Ṣùgbọ́n àwọn ìròyìn lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní orílẹ̀-èdè náà ti ń sọ ọ́ lọ́dọọdún pé àtìmọ́lé máa ń kọjá àkókò yẹn, àti pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́.

Ìṣèlú náà tún ń fi hàn bí kọ́kọ́rọ́ ọgbà ṣe ń yí pẹ̀lú ìjọba. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ali Bongo ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lábẹ́ Ọ̀gágun Brice Oligui Nguema, àwọn kan tó ti wà lẹ́wọ̀n di òmìnira láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lára wọn ni Jean-Rémy Yama, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní àkókò kan náà, wọ́n ti àwọn kan tó wà nípò lánàá mọ́lé. Bí ìjọba tó yí padà bá lè ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ayé mọ̀, ta ni yóò ṣí i fún obìnrin tí ayé kò mọ̀? Kò sí ìjọba kankan tí ìtúsílẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe láǹfààní.

Ọ̀nà tí aláìṣẹ̀ ń gbà wọlé

Bí a bá kúrò ní Gabon tí a wo Nàìjíríà, àpẹẹrẹ náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Obìnrin kò ju bí ẹni méjì nínú ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́wọ̀n lọ ní Nàìjíríà. Nínú gbogbo ẹni tó wà lọ́gbà, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ń retí ìdájọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ tí obìnrin tí kò ṣẹ̀ lè gbà bọ́ sínú ìṣirò yìí.

Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n mú un dípò ẹlòmíràn. Ọlọ́pàá wá ọkọ tàbí ọmọ, wọn kò bá a nílé, wọ́n sì mú ìyá tàbí ìyàwó lọ kí ẹni tí wọ́n ń wá lè jáde. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin ìdájọ́ ọ̀daràn tuntun láti ọdún 2007, òfin àpapọ̀ sì tẹ̀lé e ní 2015. Abala keje òfin 2015 náà sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹni tí a fẹ̀sùn kàn.

Èkejì ni gbèsè. Oníṣòwò gba ọjà àwìn, ọjà kò tà, ẹni tó ni owó sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó jẹ́ ti ìgbìmọ̀ ọjà tàbí ilé ẹjọ́ kékeré di ẹ̀sùn jìbìtì. Òfin Ọlọ́pàá Nàìjíríà ti ọdún 2020 ti kọ̀ ọ́: a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan.

Ẹ̀kẹta ni béèlì. Adájọ́ lè fọwọ́ sí béèlì lónìí, kí obìnrin náà má sì jáde títí di ọdún tó ń bọ̀, nítorí pé kò rí onídùúró tó ní ilẹ̀ tàbí ipò tí ilé ẹjọ́ béèrè. Àwọn àgọ́ kan kì í sì í gba obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti dúró fún un. Èyí náà lòdì sí òfin: abala 167 òfin ọdún 2015 sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin.

Bí obìnrin bá ti wọlé, kì í dá wọlé. Ọmọ ọwọ́ lè bá a lọ. Àwọn tó kù nílé á pín sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà àti àwọn ará àdúgbò. Ìsọ̀ á tì, owó àjọ á dáwọ́ dúró, ọkọ mìíràn á sì ti fẹ́ ẹlòmíràn kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí irú ìṣòro wọ̀nyí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe gbé Òfin Bangkok kalẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ìlànà 70 lórí bí ó ṣe yẹ kí a ṣe sí obìnrin tó wà lẹ́wọ̀n. Ọ̀kan nínú ohun tó tẹnu mọ́ ni pé kí a wá ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí àtìmọ́lé fún wọn ṣáájú ìdájọ́.

Nígbà tí eré bá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an

Ó wá ku ìbéèrè kan: ǹjẹ́ eré tẹlifíṣàn lè ṣe ju kí ó mú ọkàn òǹwòran sókè lọ? Ìlú méjì ló fún wa ní ìdáhùn.

Freetown ni ti àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni AdvocAid, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006 láti máa gbèjà àwọn obìnrin tó bọ́ sọ́wọ́ òfin, ti ṣe eré tẹlifíṣàn kan tó ń jẹ́ Police Case. Eré náà fi ìtàn kọ́ àwọn ará ìlú ní ohun tó yẹ kí ẹni tí ọlọ́pàá mú ṣe àti ẹ̀tọ́ tó ní. Kò dúró de ìpín tó kẹ́yìn kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé òǹwòran lọ́wọ́. Àjọ kan náà gbé òfin tó fi ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn máa rìn gbéregbère lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ pé àwọn òfin bẹ́ẹ̀ ní Sierra Leone tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú.

Britain ni èkejì. Láàárín ọdún 1999 sí 2015, wọ́n dá àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké lẹ́bi olè àti ìwé owó irọ́, iye wọn sì lé ní 900. Horizon, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń lò, ló ń fi owó tí kò sọnù hàn bí ẹni pé ó sọnù. Ọ̀kan nínú wọn ni Seema Misra, tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010 pẹ̀lú oyún nínú. Ilé ẹjọ́ kò fagi lé ìdálẹ́bi rẹ̀ títí di oṣù Kẹrin ọdún 2021, pẹ̀lú ti àwọn 38 mìíràn.

Àwọn oníròyìn ti kọ ìtàn náà fún ọdún púpọ̀, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì ti ń jókòó. Àmọ́ nígbà tí ITV gbé eré onípìn-ín mẹ́rin, Mr Bates vs The Post Office, jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kínní ọdún 2024, ìbínú àwọn ará ìlú ru sókè. Kí oṣù Karùn-ún tó parí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ṣe òfin tó fagi lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdálẹ́bi náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Níbẹ̀, tẹlifíṣàn ló bá òtítọ́ sáré.

Ohun tó mú eré ITV náà lágbára ni pé kò wá ọ̀tá kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀bi yóò lé lórí. Ó fi ilé iṣẹ́ kan hàn tí kò fẹ́ gbà pé ẹ̀rọ lè ṣe àṣìṣe, àwọn agbẹjọ́rò tó ń bá iṣẹ́ wọn lọ, àti àwọn ènìyàn tí wọ́n sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé òun nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ìtàn Libreville àti ti Èkó náà ń dúró de eré tí yóò sọ wọ́n báyìí: èyí tí ọ̀tá inú rẹ̀ yóò jẹ́ fáìlì tí kò sí ẹni tó ṣí.

Ohun tí ẹbí lè béèrè

Kí irú eré bẹ́ẹ̀ tó dé, òfin ti fi ohun kan lé ẹbí lọ́wọ́. Ní Nàìjíríà, abala 35 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé a gbọ́dọ̀ gbé ẹni tí a mú dé iwájú ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, tàbí ọjọ́ méjì bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni náà bá wà ní àtìmọ́lé fún oṣù méjì láìsí ìgbẹ́jọ́, ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìtúsílẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn tàbí láìsí àdéhùn. Ẹni tí wọ́n mú lọ́nà àìtọ́ sì ní ẹ̀tọ́ sí owó ìtanràn àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba.

Òfin ọdún 2015 tún ní kí adájọ́ máa bẹ àwọn àgọ́ ọlọ́pàá wò ní oṣooṣù láti yẹ àwọn tó wà níbẹ̀ wò. Òfin àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ọdún 2019 sì fún ọ̀gá ọgbà láyè láti kọ̀ láti gba ènìyàn mọ́ra bí ibẹ̀ bá ti kún. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ òfin ti ìjọba. Fún ẹni tó wà ní ilẹ̀ òkèèrè bíi Gabon, òfin àgbáyé fún un ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n jẹ́ kí aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n mú un, bí ó bá béèrè rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀tọ́ wọ̀nyí ní ohun kan náà tí wọ́n nílò: ẹnìkan níta tó mọ orúkọ obìnrin náà, tó mọ ọjọ́ tí wọ́n mú un, tó sì ń lọ béèrè rẹ̀ láìdákẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó jáde àti ẹni tó kù sílé ọgbà kò ju ìyẹn lọ. Ohun tí àwọn ará Libreville ti fi orúkọ ọgbà wọn sọ láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn.